Ọkùnrin Tó Ń Gbé Inú Ilé Tí Wọ́n Fẹ́ Wó

Orí òrùlé ni Abẹ́rẹ́ ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin náà dúró sí góńgó òrùlé ilé tó fara ti tiwọn, kò di nǹkan kan mú, ó ń lọ ó ń bọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó wà ní pálọ̀. Á bẹ̀rẹ̀, á fi irin gbé etí páànù kan sókè, á nà án sí àwọn tó wà nísàlẹ̀, á tún sún síwájú. Oòrùn àárọ̀ ń dán lára òógùn tó bo ọrùn rẹ̀. Ká má purọ́, ọkùnrin náà ṣeé wò.

Abẹ́rẹ́ ì bá sì wò ó dáadáa, bí kì í bá ṣe pé eruku ọjọ́ pípẹ́ tó wà lábẹ́ páànù ọ̀hún gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ó fo ògiri, ó sì wá balẹ̀ sórí aṣọ ìyàwó funfun tó fi kọ́ sójú fèrèsé.

"Ẹ̀yin ará òkè!" Ó ti bọ́ síta kó tó mọ̀ pé òun dìde. "Ṣé ọ̀run lẹ ń lọ ni, àbí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ rán àwa síbẹ̀?"

Ọkùnrin náà bojú wolẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ànńtí. Kí ló dé?"

"Aṣọ ìyàwó ló dé! Ọ̀la ni onítọ̀hún fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ ti sọ ọ́ di aṣọ bíríkìlà."

Ọkùnrin náà fi irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀ bí aláǹgbá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́rẹ́ kọjá, ó wọ yàrá ìránṣọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ aṣọ náà. Eruku wà lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti na ọwọ́ sí ike omi.

"Ẹ má fi omi kàn án rárá," ó ní. "Eruku yìí, bó bá ti fojú kan omi, ó di amọ̀ nìyẹn. Búrẹ́dì ni."

"Ebi ló ń pa yín?"

"Inú búrẹ́dì, ànńtí. Èyí tó rọ̀. Ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á gbé eruku náà."

Ó lọ ra búrẹ́dì náà fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó ti aṣọ náà, wọ́n ń fi inú búrẹ́dì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ojú ọmọ tuntun, eruku sì ń kúrò lóòótọ́. Abẹ́rẹ́ ń wò ó láti ìsàlẹ̀ ojú. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó le bí pákó, síbẹ̀ kò ya okùn kan lára aṣọ náà.

"Ta ló kọ́ yín ní èyí? Ìyàwó yín?"

"Ìyàwó wo? Ta ló fẹ́ fẹ́ ẹni tó ń fi eruku wẹ̀?"

"Mo kàn bèèrè ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ kàn bèèrè ni," ọkùnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú búrẹ́dì.

Hámà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà ní tirẹ̀, télọ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe torí aṣọ ni àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá fi gún ẹ, o lè má tètè mọ̀, àfi tí o bá délé tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́.

Àárín ìlú gan-an ni àdúgbò wọn wà. Nígbà tí ìlú kò tíì tóbi, ilé ilẹ̀ àti alájà kan ló kún ibẹ̀, wọ́n fara ti ara wọn bí eyín. Ní báyìí ìlú ti gbòòrò, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú ló fẹ́ máa gbé ibẹ̀, ilẹ̀ sì ti wọ́n ju ilé tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gba àwọn ilé àtijọ́ náà lọ́wọ́ onílé. Á wó o, á kọ́ fúláàtì sí i títí dé òkè, á sì fún onílé ní tirẹ̀ nínú rẹ̀. Òpópónà ibẹ̀ há, katapílà kò lè wọ̀ ọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wó ilé níbẹ̀, láti orí wá sísàlẹ̀, ògiri kan tẹ̀lé òmíràn, kí ti aládùúgbò má bàa ya. Hámà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mọ iṣẹ́ náà jù.

Láti ọjọ́ aṣọ ìyàwó yẹn, kò sí òwúrọ̀ tí Hámà kì í kan fèrèsé Abẹ́rẹ́. "Yàrá òkè la fẹ́ gbá lónìí, ẹ ti fèrèsé ọ̀tún." "Lónìí kò séwu, igi àjà nìkan la fẹ́ yọ." Nígbà tó yá, "ẹ" di "o," "o" sì di "Abẹ́rẹ́ mi," ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rántí ọjọ́ tó yí padà. Abẹ́rẹ́ ń fi tíì dè é. Òun ń kó eruku bọ̀.

"Níbo lo tilẹ̀ ń gbé?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

Hámà nawọ́ sí ilé tó ń wó.

"Mo bèèrè ibi tí ò ń gbé, mi ò bèèrè ibi iṣẹ́."

"Ibẹ̀ náà ni. Bí a bá gba ilé kan láti wó, mo ti kó wọ ibẹ̀ nìyẹn. Mò ń ṣọ́ igi àti irin, mi ò sì sanwó ilé fún ẹnikẹ́ni. Tí a bá wó òkè, màá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Tí ó bá ku yàrá kan, màá wà nínú yàrá kan."

"Tí yàrá náà bá wá wó ńkọ́?"

"Màá kó lọ sínú ilé tó kàn."

Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e lọ wò ó. Nínú ilé tí kò lórí mọ́, yàrá ìsàlẹ̀ kan ṣì wà pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ dáadáa, ìkòkò kan, àtùpà kan, bàtà tí wọ́n tò létí ògiri. Ohun gbogbo mọ́ tónítóní.

"Kò sí ẹni tí ilé rẹ̀ tóbi tó tèmi ládùúgbò yìí," Hámà wí. "Ó kàn jẹ́ pé ó ń kéré sí i lójoojúmọ́ ni."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ ọkùnrin náà, kò sì yọ ọ́.

Ilé tí wọ́n ń wó ti dé ìdajì kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Hámà jókòó sórí àpótí nínú yàrá ìránṣọ, ó ń mu tíì, ó ń wo bí Abẹ́rẹ́ ṣe ń yí maṣíìnì.

"Bí a bá dé ọ̀dọ̀ yín," ó ní, "yàrá yìí ni màá fi ṣe ìkẹyìn pátápátá, kí o lè pẹ́ nínú rẹ̀."

Maṣíìnì dúró. "Ọ̀dọ̀ ta?"

"Ọ̀dọ̀ yín níbí. Tiyín ló kàn." Ó wo ojú rẹ̀, ó rọra gbé ife kalẹ̀. "Abẹ́rẹ́. Mo rò pé o mọ̀ ni."

Abẹ́rẹ́ fi aṣọ sílẹ̀ lórí maṣíìnì. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn lọ bá bàbá rẹ̀.

Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Owó ìwakọ̀ ló fi kọ́ ilé ọ̀hún nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé. Ó jókòó ti rédíò rẹ̀. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó sì pa rédíò kí wọ́n tó ní kó pa á.

"Bàbá mi, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti fi ilé yìí lé Ọ̀gá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́?"

"Jókòó, ìyá mi."

"Mi ò jókòó. Ilé tí mo bá jókòó sí, wọ́n lè wó o."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Òrùlé ń jò. Ògiri ẹ̀yìn ti ń ya. Mi ò lágbára àtúnṣe mọ́. Ó ní òun á fún wa ní fúláàtì méjì, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ìwọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ẹ."

"Ó yà mí lẹ́nu, Bàbá mi. Ó yà mí lẹ́nu dáadáa. Yàrá ìránṣọ mi ńkọ́?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ máa gbé sí gbogbo ìsàlẹ̀. Àjà kẹrin ni tiwa méjèèjì."

"Àjà kẹrin! Ta ló máa gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin torí kí n lè bá a ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò? Ojú ọ̀nà ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ ló ń rí mi, ló ń yà. Ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu mi, ẹ wá fún mi ní bẹ́ẹ̀dì."

Ọ̀rọ̀ náà gún bàbá, ó sì gbẹ̀san níbi tó mọ̀ pé yóò dùn ún. "Àti ọkùnrin tó ń wá mu tíì lọ́dọ̀ rẹ yẹn, mo ti ń wò ó. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, mi ò kórìíra rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń sùn sínú ilé tó máa wó lọ́la, níbo ló fẹ́ gbé ọmọ mi sí? Mi ò ní fa ọmọ mi fún ẹnikẹ́ni kó lọ máa gbé nínú àlàpà."

Abẹ́rẹ́ jáde. Ó bá Hámà ní ìta, ó ń dúró dè é.

"O ti mọ̀, o sì ń jókòó mu tíì mi."

"Mo rò pé bàbá yín ti sọ fún ẹ. Ta ló ń ta ilé láì sọ fún ọmọ tó wà nínú rẹ̀?"

"Má bú bàbá mi fún mi. Èmi nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Hámà kan fèrèsé bí ó ṣe máa ń ṣe. Kò ṣí. Ó dúró níwájú pákó fèrèsé, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. "Ògiri ẹ̀yìn la fẹ́ gbá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá aṣọ sẹ́yìnkùlé." Ó lọ. Nínú lọ́hùn-ún, Abẹ́rẹ́ dìde, ó lọ ká aṣọ kúrò lórí okùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, ọkùnrin kan ń bá pákó sọ̀rọ̀, obìnrin kan ń gbọ́ ọ láìdáhùn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ pé aṣọ tó rán lákòókò yẹn, gbogbo rẹ̀ ló há lápá.

Nígbà tó ku yàrá ìsàlẹ̀ kan péré nínú ilé ẹ̀gbẹ́, Abẹ́rẹ́ wọ bàtà, ó lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò bèèrè bóyá ó wà. Ó kàn wọlé.

Ọkùnrin sísanra kan ló bá lẹ́yìn tábìlì, àwòrán ilé kún ara ògiri. "Ìwọ ni ọmọ Bàbá Awakọ̀," Ọ̀gá náà wí. "Ó yẹ kí n mọ̀. Hámà ti wá síbí. Ó ní òun kò ní gbé hámà sókè nílé yín àfi tí o bá ti wá bá mi sọ̀rọ̀ tán. Ẹ wò mí, ṣé èmi lọ̀gá ni àbí òun?"

Abẹ́rẹ́ kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ kúlú lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ tì í padà. "Ìyẹn wà láàárín yín. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wá gbà."

"Kò sí ṣọ́ọ̀bù nínú ilé náà. Àbúrò mi, má jẹ́ kí inú bí ẹ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àmọ́ ọba ò bá wọn wá oníbàárà lójú ọ̀nà. Àyè ọkọ̀ méjì tó kọjú sí títì, ẹ mọ ògiri yí i ká fún mi."

"Kí n wá rí kí ni níbẹ̀?"

"Fúláàtì mi. Ẹ mú un padà. Ti bàbá mi nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀, kó sì wà ní àjà kìn-ín-ní, torí orúnkún rẹ̀."

Ọ̀gá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wò ó bóyá orí rẹ̀ pé. Odidi fúláàtì láàárín ìlú, ó fẹ́ fi pààrọ̀ ibi tí mọ́tò méjì ń sùn! Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, o mọ̀ pé èmi ni mo jèrè?"

"Ẹ jèrè ilé. Mo jèrè iṣẹ́. Ẹ pe ẹni tó ya àwòrán ilé yín kó wá tún un yà lójú mi."

Kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi tún un yà.

Ọ̀dọ̀ Hámà ló gbà lọ tààrà. Hámà jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá kan ṣoṣo tó kù, ó ń fi aṣọ nu irin iṣẹ́ rẹ̀. Ó dìde tó rí i, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ ṣe.

"Ta ló rán ẹ lọ bá Ọ̀gá?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ máa jẹ nígbà tí o bá kọṣẹ́ torí tèmi?"

"Wọ́n ní kí n tètè bẹ̀ ẹ́, torí ebi."

Abẹ́rẹ́ kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló bọ́. Ó jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò fún un, ó ní òun ti gba ṣọ́ọ̀bù, òun sì ti fi fúláàtì sílẹ̀. "Nítorí náà, èmi náà ò nílé bíi tìẹ. Bàbá mi sì ti sọ pé òun kò ní fa ọmọ òun fún ẹni tó ń gbé inú àlàpà. Hámà, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ilé yín la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí," ó rọra wí. "Yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì dára. A lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀..."

"Nínú ilé bàbá mi? Tí ìwọ fúnra rẹ máa máa wó lé wa lórí?" Ojú Abẹ́rẹ́ pọ́n. "Owó yàrá kì í ṣe ìṣòro rẹ. Ò ń ṣiṣẹ́, o kì í mutí, o kì í ta tẹ́tẹ́. Sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ń lé ẹ kúrò nínú ilé tó dúró?"

Hámà gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, àwọn òbí òun gbé inú ilé kan tí òun mọ gbogbo ihò ara ògiri rẹ̀. Lọ́jọ́ kan òun dé láti ilé ìwé, òun bá ẹrù wọn ní ìta, òrùlé ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ṣáájú.

"Láti ìgbà yẹn, ilé tí mo mọ̀ pé ó máa wó nìkan ni mo lè sùn sí," ó ní. "Èyí tí mo mọ ọjọ́ tó máa lọ. Kò lè já mi kulẹ̀."

Ìdí nìyẹn tó fi ń kan fèrèsé aládùúgbò láràárọ̀. Abẹ́rẹ́ ronú kàn án. Ó gbé orí lé e léjìká, eruku di í lójú.

"Gbọ́, olólùfẹ́ mi," ó ní. "Èmi náà lè já ẹ kulẹ̀. Mo lẹ́nu, mo lè bínú ti fèrèsé fún ọjọ́ gbọọrọ, o ti rí i. Mi ò sì lè sọ ọjọ́ tí màá kú fún ẹ. Bí ohun tó lọ́jọ́ nìkan lo bá fẹ́, má fẹ́ mi. Àmọ́ bí o bá fẹ́ mi, kọ́kọ́rọ́ ni kí o mú lọ bá bàbá mi."

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Bàbá àti ọmọ kó lọ sí yàrá tí Ọ̀gá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbà fún wọn títí ilé tuntun á fi parí. Hámà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilé wọn. Láràárọ̀, bàbá gbé àga lọ sí òdìkejì títì, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń sọ owó ìwakọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Ó retí pé òun máa kórìíra ọkùnrin náà. Àmọ́ kó tó kan ògiri kọ̀ọ̀kan, Hámà á kọjá títì wá bá a, eruku lójú, ọwọ́ lẹ́yìn: "Bàbá, yàrá tí ìyàwó yín ń sùn nígbà ayé rẹ̀ ló kàn. Ṣé ẹ fẹ́ dúró wò ó, àbí kí n dúró kí ẹ kọ́kọ́ lọ?" Nígbà mìíràn bàbá dúró. Nígbà tó kan yàrá yẹn, ó lọ.

Yàrá ìránṣọ ni Hámà fi ṣe ìkẹyìn, bó ṣe sọ. Lọ́jọ́ tó wó o, ó rékọjá títì, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú àga bàbá, ó sì na ohun kan tó yọ lápò sí i. Abẹ́rẹ́ tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún bàbá rẹ̀ dúró síbi tó wà.

"Kí nìyẹn?" bàbá bèèrè.

"Kọ́kọ́rọ́ ni, Bàbá. Yàrá méjì, lẹ́yìn ilé ẹjọ́. Mo ti san tọdún."

Bàbá gbà á, ó yí i wò bí ẹni ń wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tuntun. "Àwọn awólé bíi tìẹ kò ní dé ibẹ̀ lọ́la?"

"Mo bi Ọ̀gá, mo bi onílé, mo bi gbogbo kọngílá tí mo mọ̀. Mo sì fi ọwọ́ mi kan ògiri ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa dúró, Bàbá. Tí kò bá dúró, èmi á tún un ṣe."

"O mọ àtúnṣe?"

"Màá kọ́ ọ."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. "Ìyá mi, ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, Bàbá mi."

"O sì dákẹ́? Ìwọ?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó dá kọ́kọ́rọ́ náà padà sí ọwọ́ ńlá yẹn, ó sì pa ọwọ́ náà dé. "Dìde, ọmọ mi. Ẹni tó bá lè pa á lẹ́nu mọ́, ó yẹ kó fẹ́ ẹ."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ kò sí, pẹ̀lú bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ Hámà tí wọ́n ti fọ eruku kúrò lára débi pé ènìyàn kò mọ̀ wọ́n mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì ṣí ilẹ̀kùn yàrá lẹ́yìn ilé ẹjọ́. Ògiri ibẹ̀ funfun, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ní kó kan ìṣó kan síbẹ̀, kí àwọn lè rí ibi fi aṣọ kọ́. Hámà mú ìṣó, ó gbé e lé ògiri, ó gbé hámà kékeré sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Mi ò kan nǹkan mọ́ ògiri rí," ó ní. "Mo máa ń yọ ọ́ ni."

"Ẹ gbà mí o! Ẹni tó wó ìdajì àdúgbò, ìṣó kan ṣoṣo ń já a láyà." Ó wá dúró tì í, ó fi ọwọ́ bá a di ìṣó náà mú. "Kàn án, olówó orí mi. Tí o bá kan ọwọ́ mi, wàá máa rán aṣọ lọ́la."

Ó kàn án. Ẹfun ara ògiri díẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, ó sì yára fà sẹ́yìn. "Ó ti fọ́."

"Kò fọ́. Ó gba ìṣó ni."

Hámà bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi kọ́ ibẹ̀. Ó padà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri kejì, ó ń wo ẹ̀wù náà bóyá yóò já bọ́. Abẹ́rẹ́ bá a wò ó. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹ̀wù náà kò já.